Omi Olómi Tó Ṣìnà Wọ Ọgbà Wa, àti Bí Chato Ṣe Di Ọ̀gá Kànga Epo

Las Tunas,
Ìwọ̀ Oòrùn Texas,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá.

Zenaida, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé jó,

Mo kí ọ, mo kí Rogelio ọkọ rẹ, mo kí Ileana ọmọ-ọmọ mi tí ẹ ní ó ti ń dá ìwé kà. Ṣé ara gbogbo yín le? Ṣé ìkún omi Houston kò tíì wọ pálọ̀ yín lọ́dún yìí? Ní tèmi, orúnkún ọ̀tún ń ro mí, ti òsì ń gbìyànjú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọlọ́run tó mú Leandro bàbá rẹ rìn láàárín ejò fún àádọ́ta ọdún tí ọ̀kan kò bù ú ṣán, òun ni yóò máa mú ẹ̀yin náà kọjá láàárín ọkọ̀ tó pọ̀ ju ejò lọ lọ́dọ̀ yín. Àmín. Mo mọ̀ pé o ní kí n máa fi fóònù tí o rà fún mi ránṣẹ́ dípò lẹ́tà, ṣùgbọ́n fóònù yẹn máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀ tí n kò tíì rò tán, ẹnìkan ṣoṣo tí mo sì gbà fún pé kó máa ṣe irú ìyẹn ni bàbá rẹ, ó sì ti lọ sinmi. Mo ti fi aṣọ funfun wé e, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mi, kò sí ohun tó ṣe é.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Hollis aládùúgbò wa tí ọgbà rẹ̀ bá tiwa pààlà ti yọ eyín mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ kò sì dín kù. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí òjò kì í ti í rọ̀, kò tíì sí ẹni tí ó tutù. Màlúù méjì kú, n ó débẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n mú kálàmù gan-an ni pé ẹ̀wà mi kò rọ̀ mọ́.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé lọ́dún tí mo lóyún rẹ, ẹ̀wà mi kì í kọjá wákàtí mẹ́ta lórí iná, ìwọ náà mọ̀. Ní oṣù kẹta, mo gbé e kaná lówùúrọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́, ó ṣì ń dún gbàn-ùn gbàn-ùn nínú ìkòkò. Mo lọ bá ẹni tó tà á fún mi jà, mo ní ẹ̀wà tó kù nínú ọkọ̀ Nóà ló wọ̀n fún mi. Mo pààrọ̀ ẹ̀wà, mo pààrọ̀ ìkòkò, ó tún le. Ìgbà tí mo wá bu omi náà mu láìsí kọfí nínú rẹ̀ ni mo rí i pé iyọ̀ ni. Mo ní láti padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹlẹ́wà, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ìlú.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ọ, n ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ṣé o rántí kànga epo àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ pápá wa, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń mi orí bí alángbá nígbà tí o wà ní kékeré? Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ni ín, pátákó rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, wọ́n sì máa ń fún wa ní tòlótòló ní Kérésìmesì. Nígbà tí epo inú rẹ̀ dín kù, ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn fi í fún èyí tó kéré sí i, ìyẹn náà fà á díẹ̀, ó fi í fún èyí tó tún kéré sí i, pátákó ń kéré, tòlótòló di káàdì, káàdì náà di àwátì. Bí wọ́n ṣe ń ṣú opó lópó ni wọ́n ń ṣe kànga yẹn, àfi pé olúkúlùkù ọkọ tó ń gbà á ń tálákà ju ẹni tó lọ lọ. Àwọn tó jẹ ẹran kọ́ ló ń kó eegun, ṣùgbọ́n mo ṣebí bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń ṣe nìyẹn, ta ni mo jẹ́.

Ọkọ ìkẹyìn ni Ọ̀gbẹ́ni Trenton Wylie, pátákó tirẹ̀ kò ju ìdérí páálí bàtà lọ. Ó wá sílé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ṣí fìlà, ó mu omi, ó jẹ tamale àgbàdo mẹ́jọ, omijé sì lé sí i lójú nígbà tí mo sọ bí bàbá rẹ ṣe kú fún un. Ó ní òun fẹ́ fi kànga náà ta opó lọ́rẹ, kí n máa fa omi inú rẹ̀ fún ẹran mu, òun kò ní gba sẹ́ǹtì kan. Zenaida, o mọ̀ pé nílé wa a kì í da ẹ̀bùn padà sí ẹni tó ti jẹun nídìí tábìlì wa lọ́wọ́. Ìwé náà nípọn bíi Bíbélì, ó sì ní kí n má fi ojú mi ṣòfò lórí rẹ̀, ó ń gba ti ojú mi rò. Mo buwọ́ lù ú níbi mẹ́rin, o mọ bí ìkọ̀wé mi ṣe dára tó, ó yìn ín. Ọmọ dáadáa ni. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àdúrà mi títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́rin tí mo kọ sí i ló padà wá pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí nǹkan má ti ṣe é.

Nígbà òtútù tó kọjá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lẹ́nu kànga ẹ̀bùn mi. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Àwa tí a ti ń fi ọdún mẹ́ta wojú òfuurufú! Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, koríko tó yí i ká ti jóná, ilẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun, igi gbẹ lóòró, gbogbo rẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Màlúù méjì tí mo wí lá a, wọn kò rí ọjọ́ kejì. Ìjọba wá rán òṣìṣẹ́ kan wá wò ó, Prieto ni wọ́n ń pè é, ó mọ̀wé, ó sì ń tijú. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn tó ń gbẹ́ kànga tuntun lódìkejì títì máa ń fa omi iyọ̀ jáde pẹ̀lú epo, omi náà sì máa ń pọ̀ ju epo lọ, nígbà tí wọn kò rí ibi dà á sí, wọ́n ń fi agbára tì í padà sábẹ́ ilẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá tẹ ìrọ̀rí níhìn-ín, ọ̀hún ni yóò wú, ọ̀dọ̀ tèmi ló wú sí.

Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Omi olómi ló ṣìnà! O mọ òfin wa níbí. Bí màlúù onímàlúù bá wọ ọgbà rẹ, o ó fún un ní koríko, o ó wo àmì tí olówó rẹ̀ fi irin gbígbóná jó sí i níbàdí, o ó sì ránṣẹ́ sí i pé kó wá mú un. Mo bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ òdìkejì títì. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òógùn, omi yín kan wà lọ́dọ̀ mi láti oṣù kejì, mo ti fi wáyà yí i ká kó má baà tún ṣìnà lọ sọ́dọ̀ Hollis, n kò ní gba owó ìtọ́jú, ẹ kàn gbé ọkọ̀ wá kí ẹ wá kó o. Lọ́yà wọn ló dá mi lóhùn, lórí ìwé tó nípọn tó sì ń dán. Ó ní inú àwọn dùn sí lẹ́tà mi, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lára omi náà tó fi hàn pé tàwọn ni.

Mo rò ó títí, mo rí i pé ó jàre. Irin àmì bàbá rẹ ṣì wà lára ògiri àká, mo gbé e sínú iná títí ó fi pọ́n, mo gbé e lọ sétí adágún tí omi náà ti dì sílẹ̀, mo tì í bọ omi. Ó dún ṣàà, èéfín bo ojú mi, nígbà tí èéfín kúrò, mo wò ó, kò sí àmì. Mo kọ̀wé padà sí lọ́yà pé òtítọ́ ló sọ, mo ti dán an wò. Hollis tó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ wáyà kígbe pé Ofelia, ṣé orí rẹ ti dàrú ni àbí ọbẹ̀ lò ń sè? Mo ní kó lọ wá eyín rẹ̀.

Mo wá ń pe ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọbìnrin kan ló máa ń gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní bí kànga mi bá ń jò kí n tẹ méjì, bí n kò bá mọ ẹni tó ni ín kí n tẹ mẹ́ta. Mo kí i, mo bèèrè àwọn òbí rẹ̀, kò dáhùn ìyẹn, ó kàn tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láìbínú. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi pè é, kò fìgbà kan jágbe mọ́ mi, àwọn tó bí i kọ́ ọ dáadáa. Àánú rẹ̀ ṣe mí nítorí pé ní ọjọ́ Àìkú pàápàá, òun náà ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejìlá, ọkùnrin kan gba ipò rẹ̀, ohùn tirẹ̀ kò tutù. Ó ní ìwé tí mo buwọ́ lù ti sọ kànga náà di tèmi, òun àti gbogbo ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde. Ó ní kí n lọ fi sìmẹ́ńtì dí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí n sì kó ilẹ̀ tó bàjẹ́ kúrò, ó ń lọ sí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá dọ́là, bí mo bá kọ̀, ìtanràn ni, lẹ́yìn ìtanràn, ilẹ̀ náà ni. Zenaida, bí o bá ta ilé, tí o ta màlúù tó kù, tí o sì fi èmi náà lé wọn, kò lè tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣebí àwọn tó fa epo rẹ̀ tà ló yẹ kó dí i? Ó ní àwọn yẹn ti fi owó ìdógò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nítorí irú ọjọ́ báyìí. Nígbà tó sọ iye rẹ̀, mo rò pé owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ló ń sọ fún mi.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, n kò ní tàn ọ́. Ibi tí mo ti ń sunkún ni ọgbọ́n ti sọ sí mi. Àwọn ọlọ́lá wọ̀nyí kò burú, èmi ni n kò mọ àṣà wọn. Àṣà wọn ni pé bí kànga bá ti ń darúgbó, kí o wá ẹni tó tálákà jù ọ́ lọ, kí o fi í fún un. Mo wá wò yíká. Hollis ní owó ìfẹ̀yìntì. Fàdá ní ọkọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo tí mo rí ní gbogbo Las Tunas tí kò ní ohunkóhun láyé ni Chato òbúkọ wa, oní-imú pẹlẹbẹ yẹn tí Ileana so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ lọ́rùn.

Ìyáàfin Dunagan ní ilé ìkàwé bá mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí a lè fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tí yóò gba kànga náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Òun ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń dáhùn, ó ń pa ẹnu rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó fẹ́ sín. A pe ilé-iṣẹ́ náà ní Chato àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀. Wọ́n bèèrè ohun ìní rẹ̀, mo ní agogo ọrùn kan, okùn kan, àti ìdajì òjìji igi ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n bèèrè bóyá ó ti rú òfin rí, mo jẹ́wọ́ pé ó jẹ òdòdó orí pẹpẹ lọ́jọ́ Àjíǹde, ṣùgbọ́n fàdá ti dárí jì í. Wọ́n bèèrè bóyá ó ti lo kànga epo rí, mo ní rárá, àmọ́ ó máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan. Wọn kò bèèrè bóyá ènìyàn ni. Ká ní wọ́n bèèrè ni, n bá sọ, o mọ̀ pé n kì í purọ́. Nígbà tó kan owó ìdógò, mo ta gàárì ẹṣin bàbá rẹ, èyí tó ní fàdákà létí, tí mo ti fi pamọ́ dè ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú. Mo ní ilẹ̀ ló ṣe pàtàkì, gàárì láìsí ilẹ̀, ibo lo fẹ́ gùn ún lọ?

Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá dí kànga, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi gba Chato wọlé. Kọ̀ǹpútà ní, Ọ̀gbẹ́ni Chato, ẹ káàbọ̀. Mo fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó, ó kéré ju ti Wylie lọ, bó ṣe yẹ kó rí. Hollis ní òun ti ń wo àwọn ọ̀gá epo láti kékeré, èyí nìkan ni irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Chato lò lórí oyè. Ó já okùn lówùúrọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, ó lọ bẹ ohun ìní rẹ̀ wò, o sì mọ bó ṣe fẹ́ràn iyọ̀. Mo bá a ní bèbè adágún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ti funfun. Ọmọ mi, gbogbo àwọn tó ti ni kànga yẹn láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi ẹnu kan ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde. Òun nìkan ni. Mo sin ín sábẹ́ igi rẹ̀. Sọ ọ́ fún Ileana díẹ̀díẹ̀, sọ pé ó kú sẹ́nu iṣẹ́.

Prieto padà wá pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, ó ní òun ń wá Ọ̀gbẹ́ni Chato nítorí omi tó ń jò. Mo mú un lọ sí ibojì. Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a dojú rẹ̀ dé, ó ṣí fìlà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Nígbà tó ṣe, ó ní níwọ̀n bí olówó kànga ti kú tí kò sì ní ohun tí wọ́n lè tà, kànga náà ti di aláìlóbìí, wọn kò ní gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi mọ́, ìjọba ni yóò dí i. Mo fò sókè, orúnkún mi méjèèjì ló fò. Mo ní níbo ni ìjọba yóò ti rí owó ọ̀hún? Ó wo ilẹ̀, ó ní lọ́wọ́ yín ni, Màmá, lọ́wọ́ gbogbo wa. Mo ní ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀? Ó ní àwọn aláìlóbìí tó wà níwájú tiwa lórí ìlà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, bí owó kò bá tán, yóò kàn wá ní ọdún méjìlélógún sí i. Mo ní kò burú, n ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nígbà náà, n ó ti gbé kọfí kaná dè wọ́n. Ó wá rọra sọ pé kí n má fi omi kànga ilé po kọfí mọ́. Ó ní iyọ̀ náà ti gba abẹ́ ilẹ̀ dé ibẹ̀, kí n má mu ún, kí n má fún ẹnikẹ́ni mu, bí wọ́n tilẹ̀ dí ti ìsàlẹ̀ pápá, ti ẹ̀yìnkùlé kò ní padà sí bó ṣe wà. Mo ní títí di ìgbà wo? Ó bá mi gbé ìdérí pákó bo kànga tí bàbá rẹ gbẹ́, ó kan ìṣó sí i, ó sì lọ.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún omi inú ike, kọfí kan kò lè gbẹ kó jẹ́ kọfí. Kí o fi owó òbúkọ kan kún un, kó jẹ́ arúgbó tí kò ní ìrètí, nítorí kànga ẹ̀bùn kan wà lọ́gbà Hollis náà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi, láti ìjẹta ni ó ti ń pè mí ní Ọ̀rẹ́ mi Ofelia. Nígbà tí ẹ bá sì ń bọ̀ ní Kérésìmesì, ẹ gbé omi dání. Láti ìgbà tí wọ́n ti fà mí wọ ilé yìí, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn wa tí a kò bu omi fún kó tó sọ ohun tó bá wá, títí kan Wylie. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sí ọmọ tí mo bí: ẹ gbé omi dání wá sílé bàbá yín.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ jogún ìkòkò tí ẹlòmíràn ti jẹ ọbẹ̀ inú rẹ̀ tán. Kí ẹ̀bùn tó ń ba ilé jẹ́ ṣìnà ilẹ̀kùn yín. Kí ẹ̀wà yín máa rọ̀, kí omi yín máa dùn, kí o dàgbà, kí o darúgbó, kí Ileana bu omi fún ọ mu ní ọjọ́ alẹ́ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ofelia Baeza.

Bí o bá rí àpá funfun káàkiri lórí ìwé yìí, má rò pé mo tún sunkún. Omi ilé tó ṣẹ́kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo fi fọ ọwọ́ kí n tó jókòó kọ ọ́, ó sì ń kán sí i. Bó bá ti gbẹ, iyọ̀ ló ń kù.